Orí Karùn-ún: Orí Mọ̀ Ọ́n, Ọwọ́ Ni Kò Gbọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ mi ọkùnrin jókòó ti ìyá mi ní pálọ̀, ó ń ṣàlàyé òṣùpá fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ó ní ọjọ́ 27 àti wákàtí díẹ̀ ni òṣùpá fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ọsàn méjì júwe rẹ̀. Inú ìyá mi dùn kọjá sísọ. Ó kì í, ó súre fún un, ó wá ní, “Ó dáa, ọkọ mi, lọ bá mi tẹ ẹ̀bà wá. Omi gbígbóná wà nínú fíláàsì.”

Ọmọ náà lọ. A retí rẹ̀ títí, a ò rí i. Nígbà tí mo yọjú sí kíṣìnnì, gàrí ti dà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ohun tó wà nínú abọ́ kì í ṣe ẹ̀bà, kì í sì í ṣe gàrí mímu. Ó di orógùn mú bí ẹni di ọ̀bẹ mú, omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Mọ́mì, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́.”

Ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo ti bá a wí títí. Mo ti pè é ní ọ̀lẹ, mo ti sọ pé kì í fọkàn sí nǹkan. Gbólóhùn yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́, tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó dáadáa. Òbí, olùkọ́ àti ẹ̀gbọ́n tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni mo kọ orí yìí fún: ọmọ tó ń gba ipò kìíní ní kíláàsì, tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀; ọmọ tó ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá àgbà, tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kì í bára mu. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìmọ̀ orí yàtọ̀ sí ìmọ̀ ọwọ́, ọwọ́ náà sì ní bí a ṣe ń kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ọmọ tí ẹ ní

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ ilé ṣe ni ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba. Oríṣi mẹ́ta ni mo ti rí.

Èkíní ni ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́. Nínú ilé tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá ti ń ṣe gbogbo nǹkan, tó ń wẹ̀ fún ọmọ, tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, tó ń di báàgì rẹ̀, níbo ni ọmọ náà yóò ti mọ̀ ọ́n? Àwọn ará ìta á máa pè é ní ajẹbọ́tà, bẹ́ẹ̀ àwa tí a kò fún un láyè ni ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Èkejì ni ọmọ tó lè ṣe é, ṣùgbọ́n tí kò ka iṣẹ́ ilé sí. Ó ti gbà pé ìwé nìkan ni iyì. Bó bá wù ú, bóyá nítorí pé ẹ ṣèlérí nǹkan kan fún un, ẹ ó rí i tí yóò ṣe é láṣeyọrí.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ tó ń gbìyànjú, tó ń làágùn, síbẹ̀ tí ọwọ́ kò gbọ́. Ẹ lè ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún un, ẹ lè mú pàṣán dání, bákan náà ni iṣẹ́ náà yóò ṣe rí. Èyí tó ṣe lánàá tó dára, ó lè má lè ṣe é lónìí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ọmọ yín jẹ́ nínú wọn, ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ́ ọ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí ariwo. Èyí tí a kò kọ́ rí yóò mọ̀ ọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Èyí tí kò kà á sí yóò fẹ́ kó tètè tán kó lè ráyè ṣeré, yóò sì ṣe é. Ẹ̀kẹta yóò ṣì máa bá a jà. Ẹ̀kẹta yìí gan-an ni orí yìí dá lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì tó kù náà yóò rí nǹkan mú nínú rẹ̀.

Ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa rẹ̀

Dyspraxia ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Nínú ìwé àwọn oníṣègùn, developmental coordination disorder ni. Ìwé DSM-5, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2013, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 11, nǹkan bíi 5 tàbí 6 ló ní in. Ìyẹn ni pé nínú kíláàsì ọmọ 40, a lè rí méjì. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń rí i lára wọn ju obìnrin lọ, ó sì wọ́pọ̀ lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i.

Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà òbí, kì í sì í ṣe àmì pé ọmọ kò gbọ́n. Ọpọlọ kan náà ló ń ṣe ìṣirò tó sì ń darí ọwọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń bẹ iṣu. Ẹ lè máa bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, kí ojú yín wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ọ̀bẹ ṣì máa lọ, nítorí ó ti mọ́ ọwọ́ yín lára. Ti ọmọ yìí kì í tètè mọ́ ọn lára. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é bí ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní láti ronú sí gbogbo rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ń tètè rẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ilé-ìwé dé tó wó sórí àga bí ẹni tó ti oko dé, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́.

Àgbàlagbà tó ní in wà, wọ́n sì ń ṣe dáadáa láyé. Ní 2008, Daniel Radcliffe, òṣèré tó ṣe Harry Potter nínú fíìmù, sọ fáyé gbọ́ pé òun ní èyí tí kò le púpọ̀, àti pé okùn bàtà ṣì máa ń da òun láàmú. Gbajúmọ̀ ni nígbà náà, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n.

“Wò mí kó o kọ́” nìkan kò tó

Àwòkọ́ṣe ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nílé wa. Ọmọbìnrin á jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, á máa wò ó. Ọmọkùnrin á tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sóko, á máa wò ó. Bó bá béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n á ní, “Ṣé ojú rẹ ò ríran ni?” Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ la fi èyí kọ́ tó sì yè. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọ tí à ń sọ yìí, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti ń yá jù fún ojú rẹ̀. Ó rí gàrí, ó rí ẹ̀bà, kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì.

Ẹ rántí pé ọmọ yìí ní ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní: ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó mọ ìtumọ̀, ó mọ bí a ṣe ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ lórí. Ibẹ̀ gan-an la ó gbà wọlé sí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu kọ́ ọwọ́.

Helene Polatajko àti Angela Mandich, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ní Kánádà, ṣe ìlànà kan fún irú àwọn ọmọ báyìí tí wọ́n ń pè ní CO-OP. Nǹkan mẹ́rin ni ọmọ ń bi ara rẹ̀ tàbí ṣe. Báyìí ni mo ṣe ń sọ ọ́ nílé mi:

1. Kí ni mo fẹ́ ṣe?
2. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?
3. Ó yá, mò ń ṣe é.
4. Ṣé ó rí bí mo ṣe fẹ́? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ló ti yà?

Iṣẹ́ òbí níbẹ̀ ni kó máa béèrè, kó má tètè dáhùn. Èyí ṣòro fún wa, nítorí ọwọ́ wa ti ń yún wa láti já a gbà. Ẹ jẹ́ n fi bọ́tìnnì ṣe àpẹẹrẹ. Láràárọ̀ ni ẹ̀wù ilé-ìwé ọmọ mi ń gùn lápá kan ju ìkejì lọ. Mo máa ń tú u, màá tún un dè fún un, ilé-ìwé á sì ti ń pẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ní, “Níbo ló ti yà?” Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí títí, ó ní, “Láti òkè ni. Bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, mi ò rí i.” Mo ní, “Èwo lo rí dáadáa?” Ó ní ti ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń tún bọ́tìnnì dè, kò sì sọ́jọ́ kan tí mo ronú kan ìyẹn. Òun ló rí i fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi gbàgbé rẹ̀.

Ọgbọ́n ọ̀gá télọ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kankan, ẹ ó rí ọgbọ́n kejì. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà. Ọ̀gá ló ń wọn aṣọ, òun ló ń gé e. Rírán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, kíká etí aṣọ, lílọ aṣọ, ìyẹn ni ti ọmọ iṣẹ́. Ìparí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dé ìdí gígé. Jean Lave, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, rí ohun kan náà láàárín àwọn télọ̀ ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, ní àwọn ọdún 1970, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ojoojúmọ́ ni ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń rí aṣọ tó parí, tí ọwọ́ tirẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó sú u.

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe fún ọmọ yín. Ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ fi ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún un. Bó bá ti mọ ìyẹn, ẹ fi méjì tó kẹ́yìn sílẹ̀, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ń kùnà láàárín ọ̀nà lójoojúmọ́. Èyí tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ń parí iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ márùn-ún, bí a ṣe ń kọ́ ọ

Okùn bàtà. Ẹ má kọ́ ọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé bàtà sórí tábìlì níwájú rẹ̀, kí ẹnu bàtà kọjú sí i bí ìgbà tó wọ̀ ọ́. Ẹ wá okùn tó nípọn, ẹ̀gbẹ́ kan funfun, ẹ̀gbẹ́ kejì dúdú, kẹ́ ẹ so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀, kó lè mọ èyí tó ń lọ síbo. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí:

1. Fi funfun kọjá lórí dúdú, kí o sì fa orí rẹ̀ gba abẹ́ dúdú. Fà á le.
2. Fi funfun ṣe ojóbó kan bí etí ewúrẹ́. Fi dúdú ṣe ìkejì.
3. Fi etí kan kọjá lórí ìkejì.
4. Ti èyí tó wà lókè gba inú ihò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.
5. Di etí méjèèjì mú, fà wọ́n le.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nọ́ńbà 5 nìkan ni tirẹ̀. Kó máa sọ ọ́ sókè bó ṣe ń ṣe é: “Mo di etí mú, mo fà.” Títí ó fi mọ̀ ọ́n, ẹ ra bàtà aláìlókùn fún un lọ sílé-ìwé, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kíkọ́ wà fún ilé, ilé-ìwé kọ́ ni ibi tó yẹ kó ti tẹ́.

Ẹ̀bà. Ohun méjì ló bá ọmọ mi jẹ́ lọ́jọ́ tí mo sọ nìṣáájú: abọ́ ń yí, kò sì mọ ìwọ̀n. Ẹ tẹ́ aṣọ tó tutù díẹ̀ sábẹ́ abọ́, kò ní yí mọ́. Ẹ lo abọ́ tó wúwo, kẹ́ ẹ gbé e sí ibi tí kò ga ju ìdodo rẹ̀ lọ, kí apá rẹ̀ lè ní agbára láti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa da omi gbígbóná sí i títí ẹ ó fi rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀. Omi gbígbóná kì í dárí jini. Ní ti ìwọ̀n, ẹ fún un ní agolo mílíìkì kan àti ìwé kékeré. Kó fi agolo wọn omi, kó fi wọn gàrí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tọ́ ọ wò, kó kọ bó ṣe rí: ó rọ̀ jù, ó le jù, ó ní kókó. Lẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, yóò ti ní ìwọ̀n tirẹ̀ lákọsílẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn ìṣirò kì í sá fún irú iṣẹ́ báyìí.

Fífọ aṣọ ilé-ìwé. Ibi tó máa ń há ni aṣọ fífún, nítorí ọwọ́ kan ní láti yí síwájú nígbà tí ìkejì ń yí sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó fi aṣọ kọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi tàbí òpó, kó kó etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kó sì máa lọ́ ọ síhà kan ṣoṣo. Omi yóò jáde. Ní ti fífọ̀ gan-an, ẹ ka ibi tó máa ń dọ̀tí fún un lórí ìka: ọrùn, abíyá méjì, ẹnu ọwọ́ méjì. Ibi márùn-ún, ìka márùn-ún. Kò ní gbàgbé èyíkéyìí.

Ilẹ̀ gbígbá. Ọmọ yìí á gbá ibi kan lẹ́ẹ̀mẹta, á fi ibòmíràn sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, nítorí kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa òbìrìkìtì kan sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ láti igun tó jìnnà jù, kó máa gbá a ní poro-poro bí ẹni ń kọ ebè, kó kó gbogbo ìdọ̀tí jọ sínú òbìrìkìtì náà. Bó bá parí, kó dúró sí igun tó ti bẹ̀rẹ̀, kó bojú wo ilẹ̀. Ìyẹn ni “ṣé ó rí bí mo ṣe fẹ́?”

Ìránṣẹ́. Ẹ rán an lọ ra ata, iyọ̀ àti ọṣẹ; iyọ̀ nìkan ló rà bọ̀, ṣéńjì sì ti sọnù. Kí ẹ tó bínú, ẹ wò ó pé nǹkan mélòó lẹ kó lé e lórí: ohun mẹ́ta, owó, ọ̀nà, ìkíni àwọn àgbà tó bá pàdé, ṣéńjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun kan. Kí owó wà ní àpò ọ̀tún, kí ṣéńjì máa wọ àpò òsì, kó má yà. Kó tún iṣẹ́ náà sọ fún yín kó tó jáde, kó sì kà á sórí ìka rẹ̀. Bó bá ti fi ohun kan ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta láìsí àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ di méjì.

Ọ̀rọ̀ lórí ọwọ́ òsì

Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni Ọlọ́run fún un láti fi ṣiṣẹ́, tí a sì ti na ọwọ́ náà títí tí kò fi gbójú gbé nǹkan mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún tí a wá fipá mú un lò kò mọ iṣẹ́, òsì tó mọ̀ ọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé kò gbọ́dọ̀ kú: kó fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kó fi ọ̀tún jẹun bó bá wà láàárín èrò. Ṣùgbọ́n bó bá kan pẹ́ńsù, ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì, ẹ fi í sílẹ̀ kó lo ọwọ́ tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Nílé-ìwé

Olùkọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rí i: ọmọ tó ń dáhùn gbogbo ìbéèrè lẹ́nu, tí ìwé rẹ̀ kò ṣeé kà. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe láìnáwó pọ̀. Kó gbé ọmọ náà sí iwájú pátákó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa bó bá jókòó. Pẹ́ńsù kúkúrú dára ju gígùn lọ, nítorí kì í jẹ́ kó fi gbogbo ọwọ́ gbá a mú. Bó bá pẹ́ kó tó da nǹkan kọ láti ara pátákó, kó fún un ní ìwé kó wò ó nítòsí. Kó máa béèrè ohun tó mọ̀ lẹ́nu nígbà mìíràn, kó má jẹ́ pé ẹwà ìkọ̀wé nìkan ló fi ń gbé máàkì. Kó má sì fi ìwé rẹ̀ han kíláàsì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ìwé tó burú.

Bí ẹ bá ń múra láti fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí bọ́dìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Ohun tí yóò bá a níbẹ̀ lẹ mọ̀: omi pípọn, ibùsùn títẹ́, aṣọ fífọ̀, àgádágodo ṣíṣí nínú òkùnkùn. Ẹ ra àgádágodo náà nísinsìnyí, kó máa fi ti àpótí rẹ̀ nílé. Ẹ kọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì rẹ̀ sórí pépà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kó máa wò ó lálaalẹ́ kó tó sùn, kì í ṣe láàárọ̀ tí gbogbo ilé ń sáré.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa

“Ìwé nìkan ló mọ̀.” “Ṣé ìwé lo máa jẹ ni?” “Wo àbúrò rẹ, ó ti ṣe tán.” A máa ń sọ ọ́ láìrò ó. Ọmọ tó gbọ́n kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, ohun tó sì ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n òun kò já mọ́ nǹkan. Bópẹ́ bóyá, yóò dẹ́kun gbígbìyànjú, yóò máa sọ pé òun kò fẹ́ ṣe é, nítorí “mi ò fẹ́” ní iyì lójú rẹ̀ ju “mi ò lè” lọ.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Dípò “O tún ti dà á nù,” ẹ ní, “Níbo ló ti yà?” Dípò “Gbé e wá, jẹ́ n bá ọ ṣe é,” ẹ ní, “Ibo lo fẹ́ kí n ti bá ọ dì í mú?” Bó bá ṣe é dáadáa, ẹ má yìn ín pé ó gbọ́n, ó ti mọ ìyẹn. Ẹ yin ohun tó ṣe: “Mo rí i pé o dúró, o wò ó, o sì tún un ṣe.” Kí àwọn ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ lọ rí oníṣègùn

Kí ẹ tó pè é ní dyspraxia, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò. Ọmọ tí kò ríran dáadáa yóò da omi nù, yóò kọsẹ̀, yóò sì kọ̀wé ságasàga. Ẹ yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ẹ má fi falẹ̀ rárá bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí: ọmọ tó mọ iṣẹ́ kan ṣe tẹ́lẹ̀, tí kò lè ṣe é mọ́, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ ju ìkejì lọ, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ìṣubú tó ń pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé apọ́njú mú un gan-an nígbà tó wà ní jòjòló, tí gìrì ti gbé e rí, tàbí tí oṣù rẹ̀ kò pé kí ẹ tó bí i, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìfi ọ̀kan pamọ́.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni occupational therapist, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ ara ẹni. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ wọn. Wọn kò pọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó kọ̀wé rán yín sí wọn. Àwọn oníṣègùn kì í sábà fi orúkọ dyspraxia pe ìṣòro ọmọ kí ó tó pé ọdún márùn-ún, torí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń da omi nù kó ìpayà bá yín.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la

Ẹ jókòó pẹ̀lú ọmọ náà lálẹ́ òní. Ẹ bi í pé nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́, èwo ló wù ú jù láti mọ̀ ṣe. Ẹ má yan fún un. Ẹ kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ papọ̀, kó jẹ́ òun ló mú pẹ́ńsù tàbí òun ló ń pè é fún yín. Lọ́la, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ ń lọ dáadáa. Iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi òmíràn kún un títí tí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ọmọ mi yan ẹ̀bà. Oṣù kan ààbọ̀ ló gbà wá. Ìwé kékeré náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ kíṣìnnì, ibi tó kọ “ó ní kókó” sí ẹ̀ẹ̀mẹfà, tó wá kọ “ó dára” sí ìkeje. Ìkeje yẹn ló gbé lọ fún ìyá mi. Ìyá mi bu òkèlè kan, ó tọ́bẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní kó lọ bá òun mú omi ìfọwọ́ wá, nítorí òun máa jẹ ẹ́ tán.